Ìbuwọ́lùwé Du-sik

"Mo ní ta ló buwọ́ lùwé yìí?" Obìnrin ayẹ̀wò ààbò la ìwé náà mọ́ tábìlì, eruku sì sọ bíi pé gbogbo ìlú Busan ló wó.

Ìwé àárọ̀ òní ni. Lébìrà kan ò gbọdọ̀ gun ilé tí wọ́n ń kọ́ yìí láìgbọ́ ìkìlọ̀ ààbò, láìbuwọ́ lùwé pé òun gbọ́ ọ. Ogójì ìbuwọ́lùwé ló wà níbẹ̀, ọwọ́ kan ṣoṣo ló kọ gbogbo wọn.

"Màdáámù, àwọn fúnra wọn ni," ni Tak, ọ̀gá àwọn lébìrà, wí. Ẹ̀rín rẹ̀ fẹ̀ ju géètì lọ.

"Pyo Du-sik náà?"

"Du-sik kẹ̀! Ó wà lókè, àjà keje. Abọ́ ìrẹsì mẹ́ta ló gbé mì láàárọ̀ yìí!"

"Pè é, àbí kí n ti gbogbo ibí yìí pa!" Ohùn rẹ̀ le débi pé simẹ́ǹtì inú àpò fẹ́rẹ̀ẹ́ dì.

Tak tẹ nọ́ńbà Du-sik, ó mọ̀ pé kò séni tó máa gbé e. "Ẹ ò rí i? Ọwọ́ rẹ̀ dí ni."

Báàgì obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

"Takisí lẹ fi gbé e lọ sílé ìwòsàn lánàá nígbà tó já bọ́ láti òkè, ẹ ò pe áńbúláǹsì, kí ìjọba má baà gbọ́," ni obìnrin náà wí. "Ìyàwó rẹ̀ ló fún mi ní fóònù yìí, níbi tí wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí."

Ó gbé fóònù náà lé orí ìwé náà. Ó ṣì ń dún. Orúkọ tí Du-sik fi nọ́ńbà Tak pamọ́ sí ń tàn lójú fóònù náà: "Ẹ̀gbọ́n Mi."