Ta Ló Tan Iná Mọ́tò Bàbá Sílẹ̀?

Bátìrì mọ́tò Bàbá tún ti kú láàárọ̀ yìí.

Ta ló tún tan iná rẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú? Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni, ìyá onígbàgbé.

"Ọpọlọ ẹ gan-an ló yẹ ká máa ṣáájì!" Bàbá ń pariwo, kí aládùúgbò tí ó gbé mọ́tò tirẹ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ lè gbọ́ dáadáa.

Ògbólógbòó awakọ̀ ni, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan wáyà.

"Pupa sí pupa! Dúdú tó kẹ́yìn, ara irin ẹ́ńjìnnì ni, kí iná má baà ta pàrà nídìí bátìrì!"

Tó bá jẹ́ ti ẹnu ni, ta ló tó bá Bàbá dù ú?

Ló bá gbé wáyà pupa, ó ń nà án lọ síbi dúdú.

Ọmọ rẹ̀ rọra darí ọwọ́ rẹ̀.

Mọ́tò jí. Aládùúgbò pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ wà á jáde ká rí yín!"

"Ó dọ̀la. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gba iná sára."

Aládùúgbò lọ. Bàbá pa ẹ́ńjìnnì, ó ń fọwọ́ wá èjìká ọmọ rẹ̀.

"Ṣé ó fura pé mi ò ríran mọ́?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Má gbàgbé láti tan iná yẹn sílẹ̀ lálẹ́ òní o."