Ìwádìí Mọ́kànlá

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún un pé dókítà fẹ́ fún òun ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ìrọbí yá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n gbà á? Ẹ̀rù ń bà mí."

"Má tíì gbà á. Jẹ́ kí n wò ó ná."

Iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì nìyẹn: kó kó gbogbo ìwádìí tí wọ́n ti ṣe lórí oògùn kan jọ, kì í ṣe èyí tó dùn mọ́ni nìkan, kó sì sọ ohun tí gbogbo wọn pa pọ̀ wí. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń kà á. Kálukú á jókòó sí yàrá tirẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ bára wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi kà á tán, kí ẹnì kan má baà fi ojú ẹnì kejì ríran.

Ìwádìí mọ́kànlá ni wọ́n rí. Gbogbo wọn ló yin abẹ́rẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó ka ìkíní, ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìwé. Ó dìde, ó ti fèrèsé, bẹ́ẹ̀ kò sí atẹ́gùn. Ó ń ṣe é bíi pé ẹnì kan dúró sẹ́yìn òun. Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n pàdé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ lanu.

"Má fi mí ṣẹ̀sín o. Obìnrin kan ń tẹ̀ lé mi káàkiri. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó bí ìbejì, ọwọ́ òsì rẹ̀ ní ìka mẹ́fà. Kò sí ìwé tí mi ò ti bá a pàdé. Àbí iwin ni?"

"Kì í ṣe iwin. Ilé ìwòsàn kan ni. Àwọn obìnrin ogójì kan náà ni wọ́n ń tún kà, wọ́n kàn ń pààrọ̀ orúkọ òǹkọ̀wé ni."

"Àwọn olè! Èmi ti rò pé orí mi fẹ́ dàrú."

"Ìwádìí kan ṣoṣo la ní."

"Ẹyọ kan ọ̀hún ṣáà dára. Ẹnì kankan ò kú nínú ogójì. Oníka mẹ́fà wa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde lọ́jọ́ kẹta. Sọ fún àbúrò rẹ kó gbà á, jàre."

Ó gbé fóònù, ó pe àbúrò rẹ̀.

"Má gbà á."

"Ṣé ohun tí ìwé sọ nìyẹn?"

"Rárá. Gbogbo ìwé ló ní kó o gbà á."

"Kí ló wá dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ tó fi wẹ òkú ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin láàárọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn, tó fi nu ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi kan ìkẹfà.