Ogún Dọ́là Epo

"Ogún dọ́là epo ni mo ní kó o fi káàdì mi rà. Báńkì ní ọgọ́rùn-ún ló lọ."

Mọ́mì ò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Àǹtí, ogún náà ni mo rà." Ọ́ńkù Moshood, àbúrò wọn, ń bẹ̀.

"Olè. Jáde."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Àgbà ń sọ̀rọ̀, o ń dá sí i?"

Mo panu mọ́.

Ọ́ńkù wọ́ báàgì wọn gba inú òjò ìlú Adelphi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, báńkì dá ọgọ́rin padà. Ọ́ńkù ò gbé fóònù.

Mọ́mì ń sunkún. "Ta ni ì bá mọ̀?"

Ẹnu mi ń bí mi nínú.

Ilé epo ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ kàn kọ́kọ́ di ọgọ́rùn-ún mú ni. Ìyókù ń padà bọ̀."