Ìràwọ̀ Ìyá Ọ̀jọ̀gbọ́n

"Tún un wò dáadáa," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó na ìka sí kọ̀ǹpútà. "Ìràwọ̀ kì í ṣe ewúrẹ́ tó lè jákùn."

"Mo ti wò ó títí ojú fi ń ro mí, sà. Kò sí níbẹ̀ mọ́."

Ọdún mẹ́ta gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti fi ṣe ìwádìí lórí ìràwọ̀ kan ṣoṣo yìí. Lọ́la ló máa gbèjà iṣẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó pè é ní dókítà. Ọ̀gá rẹ̀ yìí gan-an ló kọ́kọ́ rí ìràwọ̀ náà, tó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n, tó sì fi orúkọ ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ bá ní àwọn ò rí i, á ní ojú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ ni kò mú tó.

"Kí lo ṣe sí ẹ̀rọ wa lánàá?"

"Mo kàn fi aṣọ nu gíláàsì kámẹ́rà rẹ̀, sà, kí àwòrán ti ọ̀la lè mọ́ kedere. Àbàwọ́n kékeré kan wà lójú rẹ̀, ó jọ ipa ìka ọwọ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún gbé e wọ̀.

"Ta lo ti sọ fún?"

"Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, sà."

"Ti ilẹ̀kùn."

Ọ̀jọ̀gbọ́n gun àkàbà lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó fi àtàǹpàkò ra imú ara rẹ̀ tó ń dán fún òógùn, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kámẹ́rà náà.

"Ẹ sún un sápá òsì díẹ̀ sí i, sà," ni akẹ́kọ̀ọ́ náà wí, ó sì di àkàbà mú dáadáa fún un.