Kí Flurin Tó Padà Sórí Òkè

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejìlá, Flurin tẹ̀ lé Barbla, ìyá rẹ̀, délé. Wákàtí kan gbáko ni Barbla fi ń rìn lọ sí ilé Ọlọ́run, wákàtí kan ló sì fi ń bọ̀, bí òjò dídì tilẹ̀ mù ún dé orókùn. Bó ti ń ṣe láti ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mọ́tò gbé òun. Ó bọ́ bàtà, ó gbé ọbẹ̀ báálì kaná.

"Màmá, ẹ jókòó ná. Mo ní ọ̀rọ̀ kan."

"Ọ̀rọ̀ òkè ni. Pásítọ̀ ń wàásù, ìwọ ń wo fèrèsé."

Flurin rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí Riet àbúrò rẹ̀ ti kú sórí òkè lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò gun pátákó tó fi ń yọ̀ lórí òjò dídì mọ́. Ara ògiri ilé màlúù ló fi í kọ́ sí. Ní báyìí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń lọ sí Japan ní oṣù Kìíní, wọ́n sì ní òun ni kó ṣáájú àwọn. Kò ní lọ láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ súre fún un. Òun nìkan ló kù fún obìnrin náà láyé.

"Wọ́n ní òjò dídì ibẹ̀ fúyẹ́ bí eérú," ó ní. "Èèyàn á máa yọ̀ kọjá láàárín igi, kò ní gbọ́ ìró kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Ọlọ́run bá fẹ́, ó di Norway, níbi tí òkè ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí òkun. Orí ibùsùn lèmi àti Riet ti ka gbogbo ẹ̀ tán ní kékeré."

"Riet tí kò tíì lè dúró lórí pátákó nígbà yẹn."

"Ẹ rántí ìgbà tá a lọ yọ̀ ní Livigno? Ó forí sọ ọgbà onígi, ó dìde, ó ní ọgbà ló kọlu òun."

"Ó ya ṣòkòtò. Èmi ni mo rán an."

"Ní Arlberg ńkọ́? Ó jẹ wàràkàṣì gbogbo wa tán, ó ní eku ni."

Barbla rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kọjú sí ìkòkò.

"Màmá, mo mọ̀ pé ẹ ò tíì dárí jì mí," Flurin wí. "Gbogbo wa la máa ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ àyà, kó lè máa ké bí òjò dídì bá bò wá mọ́lẹ̀. Àṣà wa ni pé kí aṣáájú dúró lẹ́sẹ̀ òkè, kí oníkálùkù kọjá níwájú rẹ̀, kó gbọ́ bóyá tiẹ̀ ń ké. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn oòrùn ti ń mú. Mo rí iná kékeré tó ń ṣẹ́jú láyà Riet, mi ò dúró gbọ́ bóyá ó ń ké, mo ní ká máa lọ. Nígbà tí òjò dídì ya látorí òkè bò ó mọ́lẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Wákàtí mẹ́ta la fi ń gún ọ̀pá sínú òjò dídì kiri."

"Mo ti gbọ́."

"Bátìrì ló kú. Bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ó sọ fún mi pé òun ti fi mẹ́ta tuntun sí i. Ó parọ́ fún mi, mo sì gbà á gbọ́."

"Riet kì í parọ́."

"Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ó máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú nǹkan, Màmá, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n èmi ni aṣáájú. Ẹ dárí jì mí."

Ó tẹrí ba. Barbla gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Má tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ mi mọ́ láé," ó ní. "Wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire. Kí o sì yẹ ẹ̀rọ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Yẹ tìrẹ náà wò, kódà bí o bá fi ọwọ́ ara rẹ tọ́jú ẹ̀ kí o tó sùn."

Flurin nu ojú. Ó jáde lọ sí ilé màlúù lọ gbé pátákó rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ń súfèé.

Barbla dín iná abẹ́ ìkòkò kù, ó sì dúró níbẹ̀ bó ti máa ń dúró lójoojúmọ́, níbi tí rédíò rẹ̀ ti dákẹ́ lójijì ní ìdájí ọjọ́ Àìkú yẹn tó kù díẹ̀ kí ìwàásù orí rédíò bẹ̀rẹ̀, tí òun fi ti inú ẹ̀rọ Riet yọ bátìrì tuntun mẹ́ta, tó sì ki àwọn ti rédíò tó ti ń kú lọ síbẹ̀, ní èrò pé òun á dá wọn padà kí àwọn ọmọ tó jí. Ṣùgbọ́n ìwàásù náà dùn, ó sì gbọ́ ọ dé àmín.