Igi Máńgòrò Ìbíyẹmí

Ìbíyẹmí ń yí igi máńgòrò rẹ̀ po, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Àfòmọ́ ti bo ẹ̀ka kan, ó sì ti ràn dé ìkejì. Ó mú ayùn, ó gun àkàsọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má tíì gé mi," ẹ̀rọ agbẹnusọ tí ìjọba dè mọ́ igi náà sọ. "Àṣẹ kò tíì dé."

"Láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lo ti ń wí bẹ́ẹ̀!"

Ọkọ rẹ̀ sáré jáde. "Ìyá Ìdéra, bí o bá gé e láìgbàṣẹ, ìjọba á gba igi yìí lọ́wọ́ wa o!"

"Bí àfòmọ́ bá pa á, kí ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Ó gé ẹ̀ka náà kọjá ibi tí gbòǹgbò àfòmọ́ dé. Ẹ̀rọ náà figbe bọnu, ti àwọn igi àdúgbò sì ń gbè é. Ọkọ rẹ̀ gbójú sókè, ó rí ọkọ̀ agbófinró tó ń fò bọ̀. Ó di ẹsẹ̀ àkàsọ̀ mú ṣinṣin.

"Gé ìkejì náà, kíá!"