Àwọn Ọmọ Ẹyẹ Inú Àgò Kejì

"Ìyá Hameedat, ẹ wá wò ó!" Olùwádìí kan ń jó yí àgò méjì ká létí ọ̀sà ní Bàrígà. Ọmọ ẹyẹ òkun ló kó sínú wọn. Ó fún ti àgò kìn-ín-ní lóògùn aràn, ó sì fi aràn sílẹ̀ nínú ti kejì, kó lè mọ̀ bóyá aràn ń gba agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà. Ó fẹ́ràn ẹyẹ púpọ̀, débi pé ó lè jókòó máa wo ìyà tó ń jẹ wọ́n.

Ìyá Hameedat, tó ń yan ẹja nítòsí, tó sì ń bá a fún wọn lóúnjẹ, nuwọ́. "Kí ló dé, dókítà?"

"Ẹ̀jẹ̀ wọn ò yàtọ̀! Àwọn tí mi ò fún lóògùn tiẹ̀ sanra jù. Aràn ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan! Mo ti pe àwọn oníròyìn."

"Ẹ kú oríire o. Ṣùgbọ́n aràn wo?"

"Èyí tó wà nínú àwọn ti àgò kejì."

"Àwọn yẹn kẹ̀? Ẹ ní aràn ń yọ wọ́n lẹ́nu, ẹ wá káwọ́ gbera, ẹ ń wò wọ́n. Mo bá lọ oògùn aràn mọ́ ẹja fún wọn."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ṣé èèyàn ń gbàṣẹ kó tó ṣàánú ni?"

Ọkọ̀ àwọn oníròyìn dúró. Wọ́n gbé kámẹ́rà sọ̀ kalẹ̀. Olùwádìí náà tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó sì rọra sún mọ́ obìnrin náà.

"Ìyá Hameedat, ẹja nìkan lẹ fún wọn o. Ṣé ẹ gbọ́?"